Ẹrù Tí Màmá Mi Sọ̀ Kalẹ̀

Salimat ló kọ́kọ́ bi mí pé ta ni ẹni tó ń dá òun lóhùn.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni, nílé tí Àǹtí Adéfúnmiláyọ̀ ti ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn ní Okota. Mo ti ń kó kọ̀ǹpútà mi sínú báàgì nígbà tí Salimat dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó rọra kan ilẹ̀kùn bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

"Àǹtí Fawziyyah, ẹ má bínú," ó wí. "Ẹni tí ẹ fi sínú áàpù yẹn, ṣé obìnrin ni àbí ọkùnrin? Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa pè é."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ó wò mí díẹ̀, ó mi orí, ó sì lọ bí ẹni tó gbà pé àṣírí iṣẹ́ ni mò ń pa mọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya ojú áàpù: ibi tí ọ̀rọ̀ máa wà, ibi tí ìka máa tẹ̀, àwọ̀ tí kò ní ni ojú lára. Aaron tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló máa ń mú un ṣiṣẹ́ látinú. Àǹtí Adéfúnmiláyọ̀ ló gbé iṣẹ́ yìí fún wa. Àwọn tí ọkàn wọn dàrú, àwọn tí oorun dá lójú wọn, àwọn tí ọ̀fọ̀ wọn kò tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń wá bá Àǹtí sọ̀rọ̀. Ohun tó ń dùn wọ́n kì í sì í dúró de ọjọ́ yẹn. Àǹtí fẹ́ ibi tí wọ́n ti lè máa kọ èrò ọkàn wọn sílẹ̀ lórí fóònù kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Nígbà tí a rí i pé títẹ ọ̀rọ̀ ń sú púpọ̀ nínú wọn, a fi ohùn sí i. Èèyàn á sọ tẹnu rẹ̀, á tẹ bọ́tìnì kan nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á sì padé, kò ní gbọ́ ọ mọ́ títí tó fi máa rí Àǹtí.

Èmi ni mo sọ bọ́tìnì náà lórúkọ: SO O KALE. Mi ò fi àmì ohùn sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kà á bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀, kó kà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kà á bí ìgbà tí èèyàn ń sọ ẹrù kalẹ̀ látorí, kó kà á bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn sí i gan-an ni. Aaron ní orí mi pé.

Salimat ti gbà tẹ́lẹ̀ pé a lè gbọ́ ohùn òun láti fi tún iṣẹ́ náà ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, èmi àti Aaron jókòó sí ọ́fíìsì wa kékeré nítòsí Industrial Estate ní Ìsọlọ̀. Àwọn tírélà ń kọjá nísàlẹ̀, gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n. A gbọ́ Salimat tó ń sọ nípa ọkọ rẹ̀, bó ṣe jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ kan tó jẹ́ pé òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé. Ó sọ̀rọ̀ dé ibì kan, ó dúró. Nígbà tó dúró, ẹnì kan dá a lóhùn.

"Hẹn-ẹn."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àgbà ṣe máa ń dá ẹni tó ń ròyìn lóhùn kó lè máa sọ lọ. Salimat sọ díẹ̀ sí i, ó tún dúró. "Hẹn-ẹn." Ohùn náà sún mọ́ fóònù ju ẹnu Salimat fúnra rẹ̀ lọ.

"Ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni," Aaron wí.

"Òun nìkan ló ń gbé."

Aaron ṣí ti àwọn yòókù tó gbà kí a gbọ́ ohùn àwọn. Ọkùnrin, obìnrin, àgbà, ọ̀dọ́. Ó wà nínú gbogbo wọn, ohùn kan náà. Aaron yọ ohun tó fi sétí, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì fi ọwọ́ nu etí rẹ̀.

Títí di ọjọ́ Ẹtì, a ṣì ń wá bí a ṣe máa sọ ọ́ fún Àǹtí Adéfúnmiláyọ̀ nígbà tí Àǹtí fúnra wọn pè wá lórí fóònù.

"Fawziyyah, ẹ pa áàpù yẹn. Ẹ pa á báyìí."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé.

"Salimat ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níwájú mi ni. Mo bi í nípa ọkọ rẹ̀, ó ní òun ò lọ́kọ rí. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Mo ní kí ló wá ń gbé e wá sọ́dọ̀ mi látọjọ́ yìí. Ó ronú títí, ó ní òun náà ò mọ̀. Ó kí mi dáadáa, ó lọ."

"Bóyá kò fẹ́ sọ ọ́ ni, mà."

"Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Mo mọ ẹni tó ń sá fún nǹkan. Salimat ò sá fún nǹkan kan. Ibẹ̀ ṣófo ni."

Aaron ti ń pa gbogbo rẹ̀ lójú mi. Ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Mi ò fi ohun tó ń dáhùn sí i. Fawziyyah, mi ò fi sí i." Mo ti ń sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, torí pé mo ti fi áàpù náà sórí fóònù màmá mi.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni màmá mi, Àjàó Estate ni wọ́n sì ti ń ta bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé, níwájú ilé wa. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, Khàlíl àti èmi. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, orúkọ ni mo ń pè é láti kékeré. Ẹ̀rọ ló ń tún ṣe ní iléeṣẹ́ kan. Ọjọ́ kan tó wà nínú ẹ̀rọ ni iná mànàmáná dé lójijì, ẹ̀rọ náà sì pa á. Láti ìgbà tí a ti sin ín, màmá mi ò dárúkọ rẹ̀. Wọn ò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń ṣí ìsọ̀, wọ́n ń pa ìsọ̀, wọ́n sì ń gbẹ. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n lọ rí Àǹtí Adéfúnmiláyọ̀, wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ wí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé áàpù náà fún wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ kàn sọ ọ́ fún fóònù. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́."

Nígbà tí mo délé, wọ́n ń to bàtà síta, wọ́n sì ń rọra kọrin. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orin lẹ́nu wọn. Alájì Bùràímọ̀ tí ìsọ̀ tiwọn wà lódìkejì nahùn pé, "Ìyá Khàlíl, ẹ kú ọjà o."

Màmá mi ò gbójú sókè. Alájì tún kí wọn.

"Màmá, wọ́n ń kí yín."

"Èmi kọ́. Ìyá Khàlíl ni wọ́n ń pè."

Ọkọ̀ òfurufú kan ń balẹ̀, ariwo rẹ̀ bo gbogbo àdúgbò. A dúró dè é bí a ti ń ṣe. Nígbà tó kọjá, màmá mi yíjú sí mi.

"Ta ni Khàlíl?" wọ́n bi mí.

Mo fi fọ́tò rẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n ní, "Ọmọ tó dára. Ọmọ ta ni?" Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti ọjọ́ tí wọ́n bí i títí dé ọjọ́ tí wọ́n wá pè wá láti iléeṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n tẹ́tí sí mi. Ẹkún gbé ọ̀rọ̀ mì lẹ́nu mi, wọ́n sì fi ìborùn wọn nu ojú mi. "Pẹ̀lẹ́," wọ́n wí. "Ó jọ pé o fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀."

Àǹtí Adéfúnmiláyọ̀ wá sílé wa. Wọ́n bá màmá mi sọ̀rọ̀ pẹ́, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Àǹtí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú wọn ti yí padà.

"Ẹ bá mi dá a padà fún wọn, mà," mo wí.

"Báwo? Kí n pa ọmọ wọn lójú wọn lẹ́ẹ̀kejì?" Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Ẹni tí ìbànújẹ́ pọ̀ jù fún, mo mọ ohun tí à ń ṣe fún un. Ẹni tí kò ní i mọ́, kí ni kí n wò lára rẹ̀?"

Aaron wá ohùn màmá mi jáde níbi tí a kó wọn pamọ́ sí. Ariwo ọkọ̀ òfurufú wà níbẹ̀. "Hẹn-ẹn" wà níbẹ̀, ó ń dáhùn, ó ń dúró, ó ń dáhùn. Ti màmá mi ò sí mọ́.

Ara màmá mi wá ń bọ̀ sípò. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò rí i pé wọn kì í jẹ́ orúkọ ti àtijọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Ìyá Fawziyyah. Lọ́jọ́ kan mo bi Alájì Bùràímọ̀ bóyá wọ́n rántí Khàlíl. Wọ́n fa ojú ro, wọ́n ní, "Khàlíl èwo? Ti ẹ̀yìnkùlé?" Mo ní kò burú, mo sì wọlé.

Lẹ́yìn náà ni àlejò dé.

Ìrọ̀lẹ́ ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsárì tán. Bí mo ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo rí màmá mi níwájú ìsọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kọ ẹ̀yìn sí títì.

"Fawziyyah, wá kí àlejò," wọ́n wí. "Ó ń wá yàrá. Mo ní a ní ọ̀kan tó ṣófo nínú ilé, mi ò tilẹ̀ mọ ohun tí a fi í sílẹ̀ fún."

Ọkùnrin náà yíjú. Khàlíl ni. Ó gbẹ díẹ̀, aṣọ ara rẹ̀ mọ́, eruku sì bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn rìn wá. Mo la ẹnu. Ó mi orí, jẹ́jẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, àǹtí," ó wí.

Màmá mi wọlé lọ mú kọ́kọ́rọ́. Mi ò lè jókòó, mi ò lè sá. Ó sún mọ́ mi díẹ̀. Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa wà lára rẹ̀.

"Má pè mí lórúkọ," ó wí. "Tí o bá pè mí, mo lọ nìyẹn."

Àwọn àgbà ìdílé wa máa ń sọ nípa àkúdàáyà, òkú tó lọ ń gbé níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń jẹun, títí ojúlùmọ̀ kan á fi rí i, á pè é, òkú náà á sì pòórá. Ìlú tó jìnnà ni wọ́n máa ń lọ. Kò sí èyí tó lè padà sílé ara rẹ̀.

"Báwo lo ṣe dé ibí?" mo bi í.

"Màmá ò mọ̀ mí mọ́. Ọ̀nà là fún mi." Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Ìwọ nìkan ló kù tó mọ̀ mí."

Màmá mi jáde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Wọ́n wo èmi, wọ́n wo òun.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n rí ni?"

Orúkọ rẹ̀ wà lórí ahọ́n mi. Mo mọ̀ pé òkú ni. Mo mọ ohun tí ẹ̀sìn wa sọ, mo mọ àdúrà tó yẹ kí n kà. Mo wo màmá mi, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ṣe kún, bí wọ́n ṣe ń wo ọmọkùnrin náà.

"Rárá, mà," mo wí. "Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Ó ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ó ń pọnmi, ó ń tún iná ìsọ̀ ṣe, ó ń jẹ ohun tí màmá mi bá sè. Mi ò lè sunkún rẹ̀, torí pé kò kú mọ́. Mi ò lè bá a ṣeré, torí pé mi ò mọ̀ ọ́n. Tí mo bá fẹ́ pè é, "Ẹ jọ̀ọ́" ni mo máa ń wí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó ń fọ àwo lẹ́yìnkùlé. Màmá mi dúró wò ó pẹ́ láti ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá tó bí ọmọ yìí ṣoríire," wọ́n sọ fún mi. "Ibikíbi tó bá wà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rí ìbànújẹ́ ọmọ."

Mo ní, "Àmín."

Òun náà ní, "Àmín, mà." Kò gbójú kúrò nínú omi.