Ẹni Tó Ba Kọfí Pasirhuni Jẹ́

Ta ló mọ̀ nínú yín pé hóró kọfí tí iná kò tíì kàn a máa fa òórùn mọ́ra ju aṣọ lọ? Ẹ gbé e ti ẹja gbígbẹ, ẹja ni yóò máa rùn. Ohun tó lé Uni kúrò láàárín èèyàn nìyẹn.

Ayé kọfí túláàsì ni, kí wọ́n tó bí mi. Gbogbo ilé ní Pasirhuni, abúlé wa, ló ní igi tirẹ̀ lórí òkè, ìjọba Hólàńdì ló sì ni èso orí rẹ̀. Àwa tó ń gbìn ín kì í mu hóró. Ewé rẹ̀ la ń yan, tí a ń sè mu. Èso tó bá pọ́n ni wọ́n ń já, wọn a sá a sórí ẹní, wọn a gún un títí èèpo yóò fi bọ́, àwọn obìnrin a sì dà á sórí atẹ. Hóró dúdú lọ́tọ̀, èyí tó fọ́ lọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò lu lọ́tọ̀. Èyí tó kù, tó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, ti ìjọba ni. Ọwọ́ Uni ló mọ́ jù nídìí atẹ, òun ni wọ́n sì fi ṣọ́ àpò gbogbo abúlé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó o dé ilé ìkẹ́rùsí ìjọba, àwọn ọkùnrin fi aṣọ olónà wé orí, Baálẹ̀ kúnlẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ pọ̀ níwájú orí. Ẹni tó ń yẹ kọfí wò ki ọwọ́ bọ àpò, ó gé hóró kan jẹ, ó tutọ́. Ó ní kọfí kan kì í ta sánsán bí ìyàwó tuntun. Kí wọ́n gbé e padà. Ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í já òmíràn lásìkò tó yẹ kí wọ́n gbin ìrẹsì, ebi sì wọ abúlé lọ́dún náà.

Wọ́n ní òróró irun Uni ni, torí òun ló sùn ti àpò.

Uni ní, “Òróró wo? Irun mi tó gbẹ bí èèpo àgbọn yìí?”

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ ní kó lọ máa ṣọ́ oko òkè, kó má sùn lábúlé mọ́, àfi tí a bá mọ ẹlòmíràn tó jẹ̀bi. Kardi ọkọ rẹ̀ tẹjú mọ́lẹ̀. Kò pẹ́ tó fi fẹ́ ìyàwó mìíràn.

Kùrukùru àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni aládùúgbò rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó wá já kọfí a kí i látòkèèrè. Kọfí tó ti ṣà mọ́ ni yóò tún máa ṣà, kó lè gbọ́ ìró nǹkan lórí atẹ. Ambu Arsih nìkan, ìyá Kardi, ló ń gun òkè wá, pẹ̀lú iyọ̀ àti ẹja.

“Ìyàwó mi, o ti gbẹ.”

“Ambu, ẹ̀yin náà ò kúkú sanra.”

Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni Uni fi ń wà láàyè.

Nígbà kan Ambu gbé ìrẹsì tuntun wá, ó dà á sínú agbọ̀n, ó sì sun tùràrí sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti kí Nyi Pohaci, ìyá ìrẹsì, bí àwọn obìnrin wa ti ń ṣe. Lẹ́yìn tó lọ, Uni gbé atẹ kọfí tó wà nítòsí, hóró rẹ̀ ń ta sánsán. Òórùn ìyàwó tuntun náà nìyẹn. Ní abúlé, tùràrí wà lára aṣọ gbogbo èèyàn, imú ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ọ mọ́. Lórí òkè, imú Uni ti mọ́.

Nígbà tí Ambu tún dé, Uni bi í pé níbo làpò wà nígbà tí òjò ká òun mọ́ odò, ní ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n kó kọfí lọ fún ìjọba.

Ambu ń họ ìpẹ́ ẹja tí kò ní ìpẹ́ mọ́.

“Ilé ń jò, ìyàwó mi. Mo kó o sínú àká ìrẹsì, nídìí tùràrí, títí òjò fi dá. Mo rò pé Pohaci yóò bá wa ṣọ́ ọ.” Ó fi ẹja náà sílẹ̀. “Ṣé kí n má wá mọ́?”

Uni wo ọ̀nà tó lọ sísàlẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó ń gbà á.

“Ẹ máa wá, Ambu.”

Kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ambu ń wá títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀. Nígbà tó kú, wọ́n ti sin ín tán kí Uni tó gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni àrùn bẹ̀rẹ̀ sí í pa kọfí, tí ewé rẹ̀ ń pọ́n bí ìpẹtà, tó ń já. Igi kú, ìjọba sì jọ̀wọ́ òkè wa. Baálẹ̀, tó ti darúgbó, fi ọ̀pá gun òkè wá, ó gbé ìrẹsì tí wọ́n fi ewé dì dání, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Uni, a ti dárí jì ọ́. Máa bọ̀ nílé.”

Uni kò dìde.

“Ẹ dárí kí ni jì mí, Baálẹ̀? Ambu Arsih ló ba kọfí náà jẹ́.”