Ọkùnrin Tó Ń Kí Gbogbo Obìnrin Ọjà Ọba

Ọdún tí wọ́n sọ Àkúrẹ́ di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni àwọn akọ̀wé ìjọba ya wọ̀lú. Èmi ń ránṣọ ní Ọjà Ọba. Adélaní, ọmọ Oǹdó, gbé ṣòkòtò kan wá fún àtúnṣe. Ó jókòó, ó ń mí gúlegúle, ó ń wò mí. Mo rò pé ẹwà mi ló ń gba èémí lẹ́nu rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìfẹ́ wọ̀ ọ́. Ó ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́.

Àmọ́ ara ń fu mí. Bí a bá jọ rìn lọ́jà, bí a bá ti kọjá ìsọ̀ méjì, á dúró kí obìnrin tó wà níbẹ̀, á béèrè ọmọ, á béèrè ọjà. Sherifat, tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi, ní, "Ìbídùnní, ṣé ìbò ni ọkọ rẹ ń tọrọ ni?"

Ọbẹ̀ mi ńkọ́? Kì í jẹ ẹ́, àfi bí n kò bá fi iyọ̀ sí i. Mo ní ó rò pé mo fẹ́ fún òun ní oògùn jẹ. Gbogbo Jímọ̀ ló sì ń lọ sí Oǹdó, á ní ìpàdé ẹbí ni. Ìpàdé ẹbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

Ìyá mi ní ó ti níyàwó nílé. Wọ́n rán ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Oyèlékè, lọ ṣèwádìí ní Oǹdó, bí a ti ń ṣe kí ọmọ tó wọlé ọkọ. Wọ́n padà dé, wọ́n ní kò sí wèrè nídìí ẹbí náà, kò sí ẹ̀tẹ̀, kò sí wárápá, kò sì sí ìyàwó. Ìyá mi gbà. Èmi ò gbà.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wọ mọ́tò, mo tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ilé ìwòsàn ló yà sí. Mo yọjú lójú fèrèsé: obìnrin kan di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo já wọlé, mo bi í pé ta nìyẹn.

"Àbẹ̀kẹ́, nọ́ọ̀sì ni. Ó ń ka bí ọkàn mi ṣe ń lù."

Ó wá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọkàn rẹ̀ ti ń dí. Apá kan ẹran ọkàn náà ti kú, ìyókù ti rẹ̀. Bí ó bá jẹ iyọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú. Bí ó bá rìn díẹ̀, èémí á tán, ojú sì ń tì í láti dúró lásán láàárín ọjà, ló fi ń kí àwọn obìnrin. Mo sunkún, mo tún rẹ́rìn-ín.

Ó bẹ̀ mí kí n pa á mọ́ títí ìgbéyàwó á fi kọjá. Àwọn ará ilé rẹ̀ pàápàá ò mọ̀.

Mo ní, "Ẹ ó sọ ọ́ lójú ẹbí wa méjèèjì. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, mi ò fẹ́ yín mọ́."

Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, Moríyọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló ṣáájú àwọn ará ilé rẹ̀ wá. Adélaní dìde, ó sọ gbogbo rẹ̀.

Ìyá mi ní, "Ṣé opó lo fẹ́ lọ ṣe?"

Mo ní, "Ìyá mi, òun ni mo fẹ́."

Oṣù mẹ́ta ni ìyá mi ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Ọdún méje la fi jọ gbé, ọdún tó dùn. Nígbà tó kú, àwọn ẹbí rẹ̀ tí wọn ò wá síbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kóra wá láti Bọ́lọ́rundúró, lẹ́bàá Oǹdó. Wọ́n ní kí n sọ ohun tí mo fún un jẹ, kí n wá búra lórí òkú. Moríyọ̀ dìde.

"Kò sẹ́ni tó máa bi í ní nǹkan kan. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ lẹ́nu àbúrò mi lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé ọkàn rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Àwa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Obìnrin yìí mọ̀, ó sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ gbẹ́ ilẹ̀.