Kì í Ṣe Gbogbo Ohun Tó Ń Jẹ́ Ọtí Là Ń Mu

"Khuê, wá bá mi wo nǹkan yìí."

Bàbá Nghiễn ló ń pe ọmọ ọmọ rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó gbé kéènì kan lé orúnkún. "Àwọn tó wá fi fáníìṣì kun àga wa ló gbàgbé ẹ̀. Wọ́n kọ *rượu metylic* sí i lára. Ṣé ó ṣeé mu?"

Khuê gbé ìwé kẹ́mísìrì rẹ̀ sábẹ́ apá, ó rọra ń rìn bọ̀. Ní gbogbo abúlé àwọn agbẹ́gilére yẹn, kò sí ọmọ iléèwé tó gbọ́ kẹ́mísìrì tó o. Òun ni yóò ṣojú iléèwé wọn níbi ìdíje lẹ́yìn Tết, ìyẹn ọdún tuntun wọn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Olùkọ́ Lụa sọ̀rọ̀ lórí metylic, aṣọ tí yóò wọ̀ lọ gba ẹ̀bùn ló ń rò ní tirẹ̀.

Ìdajì ọ̀rọ̀ ló mọ̀. Ó mọ̀ pé bí ọ́síjìn kan bá so mọ́ háídrójìn kan, tí àwọn méjèèjì sì rọ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù, ẹgbẹ́ kékeré yẹn ló ń fi ìdílé tí èròjà náà ti wá hàn. Ìwé àtijọ́ ń pe ìdílé náà ní *rượu*, ọ̀rọ̀ kan náà tí gbogbo ilé fi ń pe ọtí ìrẹsì.

"Bàbá, rượu kúkú ni wọ́n kọ síbẹ̀," ó dáhùn. "Ìdílé kan náà ni wọ́n. Àbúrò èyí tẹ́ ẹ máa ń sè ni."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Kò dá a lójú. Ó yẹ kó sọ pé òun ò mọ̀, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kọ̀, ìgbéraga ti dí i.

"Ẹ̀yin náà ẹ wo ẹni tẹ́ ẹ̀ ń bi ní kẹ́mísìrì."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ó tó, tíṣà àgbà. Mo túúbá." Ó da ohun inú kéènì náà sórí egbò igi tó fẹ́ rẹ fún àwọn àlejò ọdún, ó sì bu díẹ̀ tọ́ wò. Nígbà tí kò ta á lẹ́nu púpọ̀, ó tún bu òmíràn.

Lọ́jọ́ kejì, orí ń fọ́ ọ, ó sì ń bì. Kó tó di ìyálẹ̀ta, ó ń fọwọ́ nu ojú. "Ta ló ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò mí lójú?" Kò sí nẹ́ẹ̀tì kankan níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sílé ìwòsàn, Khuê ṣí ìwé rẹ̀ sí ibi tí kò kà. Ó wà níbẹ̀ gbagada: metylic ń fọ́ni lójú, ó sì ń pani. Ó pa ìwé náà dé, ó gbé e dání tẹ̀ lé wọn lọ sílé ìwòsàn.

"Kí ni wọ́n mu?" dókítà béèrè.

"Ọtí ìrẹsì tí wọ́n ń sè fúnra wọn ni," ìyá Khuê dáhùn. "Wọn kì í mu òmíràn." Ó wá rí i pé dókítà ń wo ìwé ọwọ́ ọmọ òun. "Ọmọ mi nìyẹn. Òun ló máa ṣojú wa níbi ìdíje kẹ́mísìrì."

"Ẹn-ẹ́n? Àṣé ẹlẹgbẹ́ wa ni," dókítà fi ṣàwàdà. "Wá bá wa tọ́jú wọn o."

Ojú ti Khuê débi pé ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ó fi ìwé náà pamọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ń tọ́jú Bàbá bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, òun sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń bá ara rẹ̀ sọ pé bóyá ara wọn á yá fúnra ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́ nígbà tó gbọ́ tí Bàbá ń béèrè nínú yàrá bóyá ilẹ̀ ti ṣú, bẹ́ẹ̀ iná ń tàn níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó sáré lọ bá dókítà, tó jẹ́wọ́.

Dókítà kò bú u. Ó sáré pe àwọn nọ́ọ̀sì ná. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ká ní mo gbọ́ èyí láàárọ̀ ni."

Bàbá kò kú. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún rẹ̀ fọ́ pátápátá, tòsì sì ń ríran bàìbàì.

Nígbà tí ọdún dé, àwọn ará àdúgbò wá kí i. "Ta ló ní kẹ́ ẹ mu nǹkan tí wọ́n fi ń po fáníìṣì?" obìnrin kan béèrè.

"Ọ̀kánjúwà àgbàlagbà ni," Bàbá dáhùn. "Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́."

Khuê gbé àwo oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi ni. Wọ́n bi mí, mi ò mọ̀ ọ́n, mo ní mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wá mọ̀ ọ́n, mo tún dákẹ́."

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bojú. Bàbá yíjú sí ibi tó rò pé ọmọ náà wà, àmọ́ òpó ilé ló ń wò.

"Mo mọ̀ pé wàá sọ ọ́," ó ní. "Má jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Khuê ju ẹgba lọ, ó sì sunkún níwájú gbogbo wọn.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kàwé, ẹ gbọ́ o. Ọmọ ìyá lè jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà kí ọ̀kan tọ́jú àlejò, kí èkejì pa á, bẹ́ẹ̀ náà ni èròjà rí. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹni tó bá sì ti ṣìnà, kó tètè pariwo. "Mi ò mọ̀" kò pa ẹnikẹ́ni rí. Khuê ìbá sọ ọ́ lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ yẹn, bàbá àgbà rẹ̀ ìbá máa rí ojú rẹ̀ kedere dòní.