Ọwọ́ Òsì Tinúadé

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó dé etí Tinúadé lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀sán Sọ́ńdè ló tó dé, nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Wàsílátù, ọmọge tó ń bá òun àti Oyèlékè, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ta kálàmù onígi ní ọjà Bọ́ládé, ló gbé e wá sí Ìsọlọ̀, sí ilé àwọn òbí Tinúadé. Ó bá a lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń bó ẹ̀wà.

"Àǹtí Tinú, ẹ kú oríire o! Àfi bí ẹ ò ṣe sí ńbẹ̀ lánàá. Mánéjà ilé iṣẹ́ adójútòfò kan fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀ọ́dúnrún kálàmù ló fẹ́, fún àwọn àgbà òṣìṣẹ́ wọn tó ń fẹ̀yìn tì. Wọ́n tilẹ̀ ya Bọ̀dá Oyèlékè ní fọ́tò!"

"Lánàá kẹ̀? Oyèlékè ló ní kí n má wá lánàá. Ó ní kí n wá ran Màmá lọ́wọ́, kí n sinmi."

Ohùn Wàsílátù rẹlẹ̀. "Mánéjà bi Bọ̀dá pé ta ló ń gbẹ́ ẹyẹ sórí àwọn kálàmù náà."

"Kí ni Bọ̀dá sọ?"

"Bọ̀dá ní... Bọ̀dá ní àwọn fúnra wọn ni."

Tinúadé ń fi àtàǹpàkò fọ́ ẹ̀wà, ẹyọ kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni tó ń pa eégbọn.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni òjò lé e wọ abẹ́ páànù tí Oyèlékè ti ń ṣiṣẹ́ igi ní Mafoluku. Ìwé ìtàn kan tó yá ló ń lọ dá padà, ó sì ti fi gèlè rẹ̀ wé e kó má baà tutù. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Oyèlékè. Ó ń yí igi apá róbótó nídìí ẹ̀rọ, ó ń lu ihò sí i, ó ń ki ọ̀pá bírò bọ inú rẹ̀. Àwọn kálàmù náà dán, ṣùgbọ́n wọ́n rí gbọọrọ bí ìka tí kò ní èékánná. Tinúadé mú ọ̀kan, ó mú ọ̀bẹ kékeré, kí òjò tó dá, ẹyẹlé kan ti bà sórí rẹ̀.

"Ọwọ́ òsì lo fi ń gbẹ́gi?" ni Oyèlékè wí.

"Èyí tí Ọlọ́run fi agbára sí fún mi nìyẹn. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, bá Ọlọ́run sọ ọ́."

Oyèlékè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló dì í lọ́wọ́ mú, ọwọ́ kan náà tí tíṣà ti fi rúlà nà wú, tí ìyá rẹ̀ ti fi àkísà dì mọ́ ẹ̀yìn nídìí oúnjẹ, ó ní, "Olólùfẹ́ mi, ọwọ́ yìí gan-an ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn." Nínú gbogbo ìwé tí Tinúadé ti yá kà, kò tíì rí ibi tí ọkùnrin ti sọ irú rẹ̀.

Bí iṣẹ́ ṣe gbòòrò nìyẹn. Oyèlékè ń yí igi, Tinúadé ń gbẹ́ ẹyẹ. Owó epo ń ṣàn nígbà náà. Ẹni tó gba owó Ùdójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, ń wá ohun tí yóò fi hàn pé òun gbà á, ẹni tó ń wọkọ̀ òfuurufú lọ sílùú òyìnbó ń wá ẹ̀bùn tí yóò mú dání. Kálàmù ẹlẹ́yẹ ni wọ́n ń bèèrè.

Ìyá Tinúadé ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Wàsílátù láti ẹnu ọ̀nà.

"Tinú, jókòó. Àwọn èèyàn Oyèlékè ń bọ̀ wá tọrọ rẹ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ọ́. Ọkùnrin wo ni kì í parọ́? Ṣé ó nà ọ́ ni?"

"Ì bá nà mí, Màmá, ayé ì bá rí àpá rẹ̀."

Bó ṣe wọkọ̀ dé Òṣòdì, bó ṣe sọdá ojú irin, kò mọ̀. Inú ń bí i débi pé ẹni tó kí i lọ́nà, ó wò ó bí ọ̀tá.

Ó bá Oyèlékè lábẹ́ páànù pẹ̀lú bàbá rẹ̀, Bàbá Abórìṣàdé, àgbà agbẹ́gilére tó ti Ọ̀yọ́ wá nítorí ọ̀rọ̀ ìyàwó. Ìbínú ò ní ká má kí àgbà. Tinúadé kúnlẹ̀ kí bàbá, ó dìde, ó kọjú sí ọmọ.

"Ta ló gbẹ́ àwọn ẹyẹ?"

"Àdùkẹ́ mi, jẹ́ ká wọlé." Oríkì rẹ̀ ni Oyèlékè fi ń pè é bó bá fẹ́ tù ú.

"Ìta yìí tẹ́ mi lọ́rùn. Ta ló gbẹ́ wọn?"

"Ìwọ ni. Ta ni kò mọ̀?"

"Mánéjà ò mọ̀."

"Ẹ̀bùn tí wọ́n fẹ́ fi yẹ́ àwọn àgbà sí ni! Ṣé kí n ní ọwọ́ òsì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ? Wọ́n á ní à ń bú àwọn."

"Ṣé mánéjà bi ọ́ léèrè ọwọ́ tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ ni?"

Oyèlékè wolẹ̀. "Kò bi mí."

Bàbá wúkọ́. "Ọmọ mi, sùúrù. Èmi ni mo kìlọ̀ fún un. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, áḿbọ̀sì ẹ̀bùn. Iṣẹ́ rẹ dára. Tó o bá dé ilé wa, máa gbẹ́ ẹ ní yàrá. Ta ló máa rí ọ?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò fi ọwọ́ òsì júwe ilé ọmọ yín. Òun ni mo fi kọ́ ọ."

Tinúadé yíjú padà sí Oyèlékè.

"Oyèlékè, àná ńkọ́? Èé ṣe tó o fi lé mi lọ sí Ìsọlọ̀?"

"Mi ò fẹ́ kí mánéjà bá ọ nídìí ọ̀bẹ."

"O tijú mi."

"Mi ò tijú rẹ! Nítorí àwa méjèèjì ni."

"O tijú mi. Tíṣà tó nà mí, níṣojú mi ló ti kórìíra ọwọ́ mi. Ìwọ fẹ́ràn rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, o wá sẹ́ ẹ ní gbangba."

"Jẹ́ ká ṣe ìgbéyàwó ná, Àdùkẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, mo máa lọ ṣàlàyé fún mánéjà. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Lọ ṣàlàyé lọ́la."

Oyèlékè wo bàbá rẹ̀. Ó wo òkìtì igi apá tí wọ́n ti kó sílẹ̀ fún iṣẹ́ tuntun.

"Kì í ṣe lọ́la. Tí wọ́n bá ti kó ọjà wọn tán."

Tinúadé yí padà, ó ń lọ. Oyèlékè sáré lé e dé etí títì, ó dúró níwájú rẹ̀, omi ti lé sí i lójú. Tinúadé náà ń sunkún, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n.

"Mo fẹ́ràn rẹ, Oyèlékè. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Màmá mi máa bínú, ọ̀rẹ́ máa fi mí ṣẹ̀sín, mo mọ̀. Sọ fún bàbá kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu wá sí Ìsọlọ̀ ní Sátidé. Mi ò ní fẹ́ ọ."