Ẹ́ńjìnnì Àjèjì Nínú Ọkọ̀ Bàbá

Ẹsẹ̀ méjì ni ọmọbìnrin ajórin náà kọ́kọ́ rí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìbòjú iṣẹ́ rẹ̀ sókè ni, géètì tó ń jó lọ́wọ́ ṣì ń pọ́n rẹ̀rẹ̀, nígbà tí ojú rẹ̀ bá ẹsẹ̀ ọkùnrin gbọọrọ méjì tó yọ síta lábẹ́ píkọ́ọ̀pù bàbá rẹ̀ ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún pupa, tòsì dúdú.

Òòlù ti dé ọwọ́ rẹ̀ kí òun alára tó débẹ̀. "Jáde níbẹ̀! Olè ọ̀sán gangan!"

Ọkùnrin náà rọra wọ́ ara rẹ̀ jáde, kò kánjú rárá. Ó wo òòlù, ó wo ẹni tó mú un dání.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Irin tó ṣẹ́ ni mo gbé wá pé kí ẹ bá mi jó. Bí mo ṣe rí ọkọ̀ yìí ni ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́."

"Ẹsẹ̀ tó wọ bàtà oríṣi méjì? Ta ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu tẹ́lẹ̀?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ajórin ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mẹkáníìkì ni. Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí iṣẹ́ tó ń fi wàdùwàdù ṣe. Ó fọwọ́ ra bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Kí ló dé tí irú ọkọ̀ báyìí fi wà nílẹ̀?"

"Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú láti ọdún méjìlá. Bàbá mi ní kí n fi iná gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí àwọn tó ń ra irin àlòkù wá kó o."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e." Ẹ̀rín ti lọ lójú rẹ̀. "Mo ní ẹ́ńjìnnì kan nílé, bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú. Onísìlíńdà mẹ́fà ni, gbogbo wọn tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ iléèwé. Bẹ́líìtì rọ́bà ló ń yí ohun tí ṣéènì ń yí nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe é, àwọn èèyàn ní wèrè ló ṣe é. Kò tíì rí ọkọ̀ tó gbà á."

Ajórin ò sọ fún un lọ́jọ́ náà pé inú ọkọ̀ yìí ni ìyá òun kú sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni òun nígbà náà. Àìsàn kọlu ìyá rẹ̀ lójijì, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, bàbá ń sáré wa ọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Ní ìdajì ọ̀nà, ohun kan gbá gbàà nínú ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ dúró, kò sì sẹ́ni tó ń kọjá. Kí ìrànlọ́wọ́ tó dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó ku ọ̀la kí wọ́n gbéra ni mẹkáníìkì kan tú ẹ́ńjìnnì náà tó sì dì í padà. Bàbá ba mẹkáníìkì yẹn jẹ́ ká gbogbo ìlú títí iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bàbá ò lè wo ọkọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ajórin ò fẹ́ kó jẹ́ iná ọwọ́ òun ni yóò pa ibi tí ìyá òun ti mí kẹ́yìn rẹ́.

"Oṣù méjì," ni bàbá wí láìgbójú sókè, nígbà tí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. "Bí kò bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn oṣù méjì, gé e. Má sì jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹn dé iwájú mi. Mi ò fẹ́ rí ìran wọn."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wàhálà náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì àjèjì náà fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n ní láti sún rédíétọ̀ síwájú. Ìjókòó ẹ́ńjìnnì ò bá a mu. Ajórin gé ti àtijọ́ kúrò, ó jó òmíràn. Ẹnu ẹ́ńjìnnì àti ẹnu gíà ò ṣe déédéé. Ó gé irin pẹlẹbẹ kan tó nípọn, ó lu ihò sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi so àwọn méjèèjì pọ̀.

"Àwọn tí ò mọra rí," ni Pẹ̀lẹ́ wí, "wo bí o ṣe mú wọn fẹnu konu."

"Ṣé iṣẹ́ lò ń sọ, àbí ọ̀rọ̀ míì?"

"Iṣẹ́ ni, ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ míì ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Kó má pẹ́ jù o. Ìwọ tó ń fi wákàtí kan tú nọ́ọ̀tù kan."

Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ajórin ti sọ fún Pẹ̀lẹ́ pé inú ọkọ̀ náà ni ìyá òun kú sí, bí kò bá sì tíì gbọ́ ohùn Pẹ̀lẹ́ láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í balẹ̀ lórí irin.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí oṣù méjì pé. Ajórin ti ọjà dé lọ́sàn-án, ó bá Pẹ̀lẹ́ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Ó ti tú u wò bóyá bóòtù tó dáa kù níbẹ̀. Ojú rẹ̀ rí bí eérú.

"Kí ló ṣe ọ́?"

Ó nàka sí ìràwọ̀ kékeré kan tí ẹnì kan fi ìṣó ha sára irin náà. "Bàbá mi ló máa ń ha èyí sára ẹ́ńjìnnì tó bá tún ṣe. Títí ó fi kú ló ń sọ pé wọ́n ba òun jẹ́ lórí ọkọ̀ kan, pé òun di gbogbo bóòtù rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ọkọ̀ yìí ni." Ó la àtẹ́lẹwọ́. "Bóòtù méjì ló yẹ kó di ọ̀pá pisítínì kan mú. Ọ̀kan ṣẹ́. Èkejì rèé, kò há rí. Bàbá mi gbàgbé, kò dì í."

Ajórin tẹjú mọ́ bóòtù náà. "O lè jù ú sínú kòtò. Ta ni ì bá mọ̀?"

"Èmi. Màá sì máa wò ọ́ lójú lójoojúmọ́."

"Máa lọ," ni ajórin wí. "Jọ̀ọ́, máa lọ ná."

Pẹ̀lẹ́ ò lọ sílé. Ọ̀dọ̀ bàbá ajórin ló gbà lọ. Nígbà tí ajórin fi máa sáré débẹ̀, Pẹ̀lẹ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀, bóòtù náà wà lórí tábìlì, ó sì ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Bàbá nàka sí ẹnu ọ̀nà.

"Jáde! Kí n má tún rí ọ!"

Ọjọ́ márùn-ún, Pẹ̀lẹ́ ò yọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Ajórin jó ilẹ̀kùn kan lẹ́ẹ̀mẹta, ó wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bínú sí òkú, ó bínú sí alààyè, ó tún ń retí ìró ẹsẹ̀ alààyè ọ̀hún.

Ní ọjọ́ kẹfà, bàbá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣílẹ̀kùn píkọ́ọ̀pù, ó jókòó síbi tí awakọ̀ ń jókòó sí.

"Iná pupa tó ń kìlọ̀ ọ́ìlì tàn kí ẹ́ńjìnnì tó dákú," ló wí. "Mo rí i. Mo ní bí mo bá dúró, ìyá rẹ á kú mọ́ mi lọ́wọ́, ni mo bá tẹ̀ ẹ́ lọ." Ó fọwọ́ ra sítíárì. "Mo wá kó gbogbo ẹ̀bi náà ru ẹnì kan ṣoṣo. Ọmọ rẹ̀ ì bá fi tirẹ̀ pamọ́ bí mo ṣe fi tèmi pamọ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ pè é wá."

Ajórin bá Pẹ̀lẹ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. "Bàbá ń pè ọ́."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ń pè mí?"

Ó wo ilẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Wá ṣiṣẹ́."

Lọ́jọ́ tí oṣù méjì pé, oòrùn wà lókè gangan. Bẹ́líìtì nìkan ló ń ba gbogbo wọn lẹ́rù: bí eyín rẹ̀ kan ṣoṣo bá yẹ̀, irin inú ẹ́ńjìnnì á kọlu ara wọn, á fọ́, wọn ò sì mọ ibi tí òmíràn wà. Pẹ̀lẹ́ fọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀mejì, etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin. Ó di gbogbo bóòtù, ó tún wọn wò. Lẹ́yìn náà ló na sípánà sí ajórin.

"Ìwọ náà wò ó lẹ́yìn mi. Láti òní lọ, kí ẹlòmíì máa wò ó lẹ́yìn mi."

Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n há.

Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ó tún yí i. Èéfín dúdú tú jáde, ó dákẹ́. Ajórin ò mọ̀ pé apá Pẹ̀lẹ́ lòun dì mú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbà. Ìró rẹ̀ ò rí bí ti ọkọ̀ kankan tí wọ́n mọ̀. Ó ń lọ geere, bí ẹ̀rọ ìránṣọ ńlá. Bàbá gbé orí lé sítíárì, èjìká rẹ̀ ń mì.

Nígbà tó gbórí sókè, ó nu ojú. "Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, ọmọ mi?"

"Bàbá, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi ọmọ yín, bí ẹ bá gbà."

"Ṣé èmi ni ajórin ni? Bi í."

Pẹ̀lẹ́ yíjú sí i. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mi ò ní gbàgbé o," ni ajórin wí. "Ọjọ́ kan á wà tí màá wo ojú rẹ tó jẹ́ pé bàbá rẹ ni màá rí."

"Lọ́jọ́ náà, màá lọ jókòó síta títí wàá fi pè mí wọlé."

Ajórin mú ọwọ́ Pẹ̀lẹ́ tó kún fún ọ́ìlì, ó fi méjèèjì tirẹ̀ dì í. Bàbá ń wo ojú ọ̀nà bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

"Mo gbà," ni ajórin wí. "Kò sì ní pẹ́ tí màá fi pè ọ́."