Apá Tí Munirat Kò Wọ̀n

Ẹ fìdí kalẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìtàn ìfẹ́ kan ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ má kán mi lójú o. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní àdúgbò Pedro l'Ékòó, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń rán kánfáàsì, ni Japhet ti kọ́kọ́ rí Munirat. Ó jókòó sórí òkìtì kánfáàsì, abẹ́rẹ́ ńlá wà láàárín eyín rẹ̀, híjáàbù rẹ̀ funfun bíi lékeléke. Ó ń rán ìbòrí ọkọ̀ akẹ́rù. Japhet gbàgbé ohun tó bá wá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló sọ nígbẹ̀yìn.

"Ẹ ṣeun. Kí lẹ fẹ́ bò?"

"Ọkọ̀ onígbòkun ni, tí a fi ń sáré ìje lórí ọ̀sà. Iwájú rẹ̀ ni mo fẹ́ bò, kí omi yéé gbá wa lójú. Mo ti wá kánfáàsì kiri gbogbo Ṣómólú. Fẹlẹ́ẹ̀sì, ọ̀rá ìpolówó tó ní àwòrán olóṣèlú, ni àwọn atẹ̀wé ń nà sí mi."

Munirat bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò bá gbà á. Kí lomi fẹ́ fi ojú àwọn yẹn ṣe?"

Ọmọ Ìlàjẹ ni Japhet, etí ọ̀sà Bàrígà ni wọ́n bí i sí. Apá ni àwọn apẹja fi ń wọn àwọ̀n, nítorí náà apá ló nà: "Fífẹ̀ rẹ̀ tó báyìí gẹ́lẹ́." Ó yẹ kí Munirat fi tépù wọn apá náà láti ìka dé ìka, ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kó súnmọ́ àyà ọkùnrin tó ń wò ó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Japhet lọ tán, apá ara rẹ̀ tó kúrú ju ti Japhet lọ ni Munirat nà, ló bá gé kánfáàsì.

Ojoojúmọ́ ni Japhet ń wá wo iṣẹ́, ó sì ń gbé ẹja yíyan dání. Bí a bá bo èéfín mọ́lẹ̀, yóò rú yọ. Mùtíù tó ni ṣọ́ọ̀bù, bàbá ọmọbìnrin náà, ọmọ Ṣakí, fura.

"Oníbàárà wo ló ń gbé ẹja wá? Munirat, ọkùnrin tó bá lọ sórí ọ̀sà, ta ni yóò bá mi wá a? N kò bí ọ kí o wá di opó. Bó bá ti gba ìbòrí rẹ̀, kó má padà wá mọ́."

Japhet gba ìbòrí náà, ó lọ.

Àárò rẹ̀ ń sọ Munirat. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti ọ̀nà ọ̀sà, yóò dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, yóò máa gbọ́ òórùn iyọ̀ tí kò sí níbẹ̀. Ní Bàrígà, Japhet ń fọwọ́ pa ojú òwú tó rán, bí ẹni ń pa ọwọ́ olólùfẹ́. Ìbòrí náà kúrú. Kò sọ fún ẹnì kan. Omi ń gbá a lójú, ó ń dákẹ́.

Oyèbísí ẹlẹ́ja, àbúrò ìyá Japhet, rí i, kò lè dákẹ́. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Mùtíù. "Ẹ̀yin lẹ rán aṣọ tí kò dé etí ọkọ̀?"

Mùtíù dìde. Òfin ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni pé ẹni tó bá gé ìbòrí kúrú ni yóò tún un ṣe lójú ibẹ̀, àti pé Mùtíù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sábẹ́ rẹ̀ kó tó dá a padà fún oníbàárà. Tọmọ-tọbàbá bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí Bàrígà.

"Báwo lo ṣe wọ̀n ọ́n?"

Munirat dorí kodò. "Ìtìjú ni, bàbá."

Munirat lẹ etí kánfáàsì tuntun mọ́ ọn, ó fi okùn so ó mọ́ páìpù etí ọkọ̀. Mùtíù àti Munirat jókòó sábẹ́ rẹ̀, Japhet ta ìgbòkun, wọ́n ṣí. Ìgbì kan dìde, ó gbá iwájú ọkọ̀ gbàà! Abẹ́ ìbòrí gbẹ. Ibi ìtọ́kọ̀ lẹ́yìn ni Japhet jókòó sí, omi ń ro tótó lára rẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Mùtíù bi í.

"Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ti gbẹ, bàbá, ó tán."

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Mùtíù fò sórí ilẹ̀. "N kò fẹ́ràn omi yìí, n kò sì ní fẹ́ràn rẹ̀ láé. Kí ló dé tí o kò gbé ìbòrí náà padà wá?"

"Ẹ ní kí n má wá mọ́, bàbá. N kò sì fẹ́ kí ẹ bá Munirat wí."

Mùtíù nàka sí i. "O gbọ́ràn jù. Kí àwọn àgbà ilé yín wá kí mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Kí wọ́n gba orí ilẹ̀ wá o!"

Munirat kò jáde. Ó jókòó sábẹ́ kánfáàsì, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Japhet rọra jókòó tì í.

"O ti tutù jù," ni Munirat wí, ó sì fi etí híjáàbù rẹ̀ nu omi ọ̀sà kúrò lójú Japhet.

Oyèbísí ló rò ó fún mi, níbi tó ti ń yan ẹja. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni mo ṣe gbé e fún yín.