Ohùn Màmá Tó Kù

Kọ̀ǹpútà yarí mọ́ obìnrin olóòtú ohùn kan lọ́wọ́ nílé iṣẹ́ rédíò, ni wọ́n bá pe ọkùnrin kan wá tún un ṣe. Lọ́jọ́ tí obìnrin náà mú un wá han ìyá rẹ̀ nílé, màmá wò ó lókè-nílẹ̀, ó ní, "Ta ni kì í fún eléyìí lóúnjẹ?" Bó ṣe di Tẹ́ẹ́rẹ́ nìyẹn, títí orúkọ ọ̀hún fi di orúkọ ìfẹ́.

Tẹ́ẹ́rẹ́ kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan fún olólùfẹ́ rẹ̀. Tó bá ti tẹ orúkọ fáìlì kan sí i, ètò náà á gbé fáìlì náà sínú àpamọ́ kọ̀ǹpútà.

Màmá kú. Gbogbo ohùn tó máa ń fi ránṣẹ́ wà lórí fóònù ọmọ rẹ̀ yìí. Ọmọ rẹ̀ ò lágbára àtimáa tẹ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ló bá tẹ àmì ìràwọ̀, tó dúró fún gbogbo orúkọ, kó lè pe gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan. Ètò dáhùn pé, "Ó ti parí." Ó pa gbogbo ohun tó wà lórí fóònù rẹ́, ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Nígbà tí àbúrò ṣí àpamọ́, ohùn kan péré ló bá.

Kò sunkún. Ara rẹ̀ kàn kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé.

"Olówó orí mi kò ní pẹ́ dé," ló máa ń wí tẹ́lẹ̀ tí Tẹ́ẹ́rẹ́ bá ń bọ̀. Lọ́jọ́ yìí, ó kàn ṣílẹ̀kùn fún un.

"Ìfẹ́ mi," Tẹ́ẹ́rẹ́ ní, "gbogbo ohùn náà ló wá sẹ́nu ọ̀nà ètò yẹn. Èmi ni mo kọ ọ́ pé kó gba ẹni àkọ́kọ́ nìkan wọlé. Jọ̀ọ́, má bínú."

"N ò bínú." Òótọ́ ni. Kò bínú, kò sì fẹ́ràn ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n ló bínú. "Ẹni tó pa ohùn màmá mi rẹ́ lo fẹ́ fẹ́? Kò ní ṣojú mi!" Òun nìkan ló sì kù nínú ẹbí tó lè fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́.

Tẹ́ẹ́rẹ́ tún ètò náà kọ. "Iye yòówù kó wá, á gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi tán." Ṣùgbọ́n kò sí ohùn kankan mọ́ tí wọ́n lè fún un. Tẹ́ẹ́rẹ́ dìde, ó fẹ́ máa lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí tó kù." Àbúrò tẹ bọ́tìnì, ohùn màmá sì jáde.

"Ọmọ mi, ṣé Tẹ́ẹ́rẹ́ wà lọ́dọ̀ rẹ? Má jẹ́ kó lọ láìjẹun o. O gbọ́?"

Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ bojú. "Tẹ́ẹ́rẹ́, jókòó," ó ní, ó sì wọ ilé ìdáná lọ.

Tẹ́ẹ́rẹ́ jẹun, omijé ń kán sínú abọ́. Olólùfẹ́ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń wo bó ṣe ń jẹ ẹ́ tán. Ìgbà yẹn ni ikú màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dùn ún.